Fọ́tò Opó Tó Wọ Ilé Alfa

Ẹni tó bá fẹ́ rí bí ọkùnrin mẹ́rin ṣe ń purọ́ fún ara wọn lọ́sàn-án gangan, tí ojú kò sì ti ẹyọ ẹnìkan nínú wọn, ì bá wá sí ẹ̀yìn ilé Alfa Badmus ní Ìkàrẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀, láyé ìgbà tí ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la títì mọ́tò gba Àkókó. Bí wọ́n bá ti kírun tán, Alfa kì í tètè padà wálé. Mọ́ṣáláṣí ló máa ń jókòó sí, tí yóò máa ṣe wàásí fún àwọn àgbà títí ìrun Aláásárì yóò fi tó. Àsìkò yẹn gan-an ni Suleiman, àkọ́bí rẹ̀, máa ń tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta yóò yọ́ wọlé, fọ́tò lábẹ́ aṣọ, bí ẹni tó jí ewúrẹ́ gbé.

Alfa ni wọ́n ń sá fún. Ó ti sọ ọ́ nínú wàásí tó ju mẹ́wàá lọ pé ẹni tó bá ya àwòrán ohun ẹlẹ́mìí, Ọlọ́run yóò ní kó mí ẹ̀mí sí i lọ́jọ́ ìkẹyìn, kò sì ní í lè ṣe é. “Bébà lásán,” ni ó máa ń wí, “kò gbọ́ràn, kò ríran, kò lè ṣeni lóore, kò lè ṣeni níbi. Òmùgọ̀ ló ń gbé e wò.”

Òmùgọ̀ mẹ́rin náà nìyí. Suleiman ń kọ̀wé fún àwọn tó ń ra kòkó. Láwàl jẹ́ ọmọ olóbì ńlá kan, kámẹ́rà tirẹ̀ ló dára jù, òun náà ló sì ń fi ya ìyà-kuyà jù. Zacchaeus jẹ́ tíṣà nílé ẹ̀kọ́ ìjọ. Òun nìkan ni kì í kírun, ṣùgbọ́n òun ló máa ń kọ́kọ́ dé. Ẹ̀kẹrin ni Rájí, aránṣọ láti Ìwárọ̀ Ọ̀kà, tó ń fẹsẹ̀ rìn láti orí òkè wá sí Ìkàrẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ bébà. Wọ́n ní òfin kan. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa fọ́tò ẹnì kejì, kó kọ́kọ́ sọ ohun tó dára níbẹ̀, lẹ́yìn náà kó sọ ohun tó yẹ kí ó tún ṣe. Òfin náà dára. Ìdajì rẹ̀ péré ni wọ́n ń pa mọ́. Kò sí ẹni tó ń dé ìdajì kejì, torí bí o bá tú àbùkù tèmi, èmi náà yóò tú tìẹ.

Raliat, àbúrò Suleiman, máa ń jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn, a máa bó ẹ̀gúsí. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Ìyá rẹ̀ ti bá àjàkálẹ̀ àrùn ọdún lùkúlùkú lọ, ẹnu rẹ̀ ló sì ń tọ́ ara rẹ̀ láti ìgbà náà. Ní Jímọ̀ tí mò ń sọ yìí, Láwàl gbé fọ́tò kan kalẹ̀: òun alára lórí ẹṣin, tó ní kí ìránṣẹ́ òun tẹ kámẹ́rà.

“Ó dára,” ni Zacchaeus wí. “Ẹṣin yìí jọ ẹṣin.”

“Ó jọ ọ́ gan-an,” ni Suleiman wí.

Raliat na ọrùn wò ó. Fọ́tò ti gé ẹṣin náà láti orúnkún, ó ń léfòó bí igbá lójú omi. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

“Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ béèrè.

“Ẹ̀gúsí ni.”

“Ẹ̀gúsí ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín?”

“Èyí mọ ọ̀rọ̀ sọ ju àwọn kan lọ.”

Láwàl fajú ro. Rájí, tí kì í sábà sọ̀rọ̀, ló lanu. “Ẹ jẹ́ kó sọ ohun tó rí.”

Ó dà bí ẹni pé ọdún kan ni Raliat ti ń dúró de gbólóhùn yẹn. Ó gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára, ó wá kúnlẹ̀ sétí ẹní. “Ẹ̀yin Láwàl, ta ló jẹ ẹsẹ̀ ẹṣin yín? Ẹ̀gbọ́n Sule, ẹ wo bàbá olóyè tí ẹ yà yìí, ọ̀pẹ hù lórí wọn. Ẹ̀ ń wo adé, ẹ ò wo ẹ̀yìn adé. Tíṣà, ọmọ mélòó ló wà nínú tiyín?”

“Méjìlélógún,” ni Zacchaeus wí, inú rẹ̀ sì ń dùn.

“Mo rí ẹyin ojú mẹ́rìnlélógójì. Ìyókù ara wọn dúdú bí ìdí ìkòkò, torí ẹ fi oòrùn sí ẹ̀yìn wọn. Ìyá tó bá fẹ́ rà á, báwo ni yóò ṣe mọ tirẹ̀?”

Inú Zacchaeus kò dùn mọ́. Rájí rọra ti tirẹ̀ síwájú. Obìnrin kan tó ń pọn omi nísàlẹ̀ àpáta l’Ọ̀kà ni.

“Tiyín ló burú jù,” ni Raliat wí.

“Kí ló dé?”

“Àwọn wọ̀nyí ò mọ̀ ọ́n yà. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n yà, ẹ̀rù ló ń bà yín. Ẹ lọ dúró sí ọ̀nà jíjìn, bí ẹni pé obìnrin náà yóò bù yín jẹ. Mo rí àpáta, mo rí sánmà. Obìnrin ò tóbi ju èèrà lọ.”

“O ti sọ àbùkù rẹ̀,” ni Rájí wí. “Òfin ní kí o kọ́kọ́ sọ ohun tó dára.”

“Bí mo bá rí i, n ó sọ.”

Láwàl ní ọmọ Alfa kò lẹ́kọ̀ọ́. Zacchaeus ní bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Rájí ká fọ́tò rẹ̀, ó ní, “Mo gbọ́,” ó sì gun òkè lọ.

Raliat fi í ṣẹ̀sín fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Irú ọkùnrin wo ni wọ́n bú tó ní òun gbọ́? Ọkùnrin gidi ì bá bínú. Àmọ́ ní Jímọ̀ kejì, Suleiman gbé bébà kan wá bá a lẹ́bàá ààrò, ojú rẹ̀ le bí ẹni tí wọ́n fi ẹrù rán.

“Rájí ní kí o wò ó.”

Obìnrin apọnmi náà ni. Rájí ti sún mọ́ ọn wàyí, a rí ojú rẹ̀, a rí omi tó ń kán sí i léjìká. Raliat wò ó títí ọbẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná.

“Ẹ bi í pé òjìji ta ló dùbúlẹ̀ sẹ́sẹ̀ obìnrin yìí,” ni ó wí. “Àbí ó fẹ́ kí a mọ̀ pé òun wá síbẹ̀ ni?”

Bẹ́ẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀. Òjò rọ̀, òjò dá, fọ́tò ń sọ̀ kalẹ̀ láti Ọ̀kà, èébú ń gòkè lọ láti Ìkàrẹ́. Nígbà tó ya alágbẹ̀dẹ, Raliat ní iná ló yà, kò ya alágbẹ̀dẹ. Nígbà tó ya ọkùnrin arúgbó kan, ó ní bàbá náà jọ ẹni tí wọ́n kàn mọ́ àga. Ó sú Suleiman.

“Èmi kì í ṣe alárenà yín,” ni ó wí.

“Ta ló pè yín ní alárenà? Bébà lásán lẹ̀ ń gbé. Bàbá ti sọ bẹ́ẹ̀.”

“Ó dára. Rájí ní kí n jíṣẹ́ kan fún ọ. Ó ní ẹni tó bá sọ fún àgbẹ̀ pé ebè rẹ̀ wọ́, kó fi ibi tí yóò gbà tọ́ hàn án. Ó ní o mọ bí a ṣe ń wó ilé, òun kò tíì rí i kí o kọ́ ògiri kan.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ Raliat lára bí ẹ̀gún. Ó bú Rájí níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó bú u níwájú odò tó ti ń fọṣọ. Aránṣọ lásán, ará orí àpáta, tí bàtà rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ láyé. Ṣùgbọ́n bó ti ń bú u ni ó ń rí i lójú ọkàn tó ń gun òkè lọ, kámẹ́rà léjìká, tí ìkùukùu òwúrọ̀ ń bò ó díẹ̀díẹ̀. Ó dá ọwọ́ dúró lórí aṣọ nínú omi. Ó tún bú ara rẹ̀ fún ìyẹn. Ṣé Rájí ló ń wù mí ni, àbí etí rẹ̀ tó ń gbọ́ tèmi? Gbogbo ènìyàn nílé yìí ló ń ní kí n pa ẹnu mọ́. Ọ̀kan ṣoṣo ló ń rìn wá láti Ọ̀kà kí ó lè gbọ́ ọ. Ṣé ìfẹ́ nìyẹn, àbí ebi ọ̀rọ̀ sísọ ló ń pa mí?

Ní ọjọ́ kẹta, ó pe Suleiman. “Ẹ sọ fún un pé kó padà lọ bá alágbẹ̀dẹ nírọ̀lẹ́. Kó dúró sápá òsì rẹ̀, kí oòrùn tó ń wọ̀ mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kó dúró títí bàbá náà yóò fi gbàgbé pé òun wà níbẹ̀.”

Fọ́tò tó tibẹ̀ wá dára tó bẹ́ẹ̀ tí Raliat kò dá a padà mọ́. Suleiman béèrè ohun tí òun yóò wí fún Rájí.

“Ẹ sọ pé ó ti kúrò níbi tó burú.”

“Ṣé ìyẹn ni ‘ó dára’?”

“Ohun tí mo wí ni mo wí.”

Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀, nǹkan méjì ṣẹlẹ̀ tẹ̀ lé ara wọn. Bàbá Rájí kú l’Ọ̀kà. Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn náà, àwọn ẹbí Láwàl gbé obì wá bá Alfa Badmus, wọ́n ní òdòdó kan ni àwọ́n rí nínú ọgbà rẹ̀. Inú Alfa dùn. Ó ti gbọ́ tẹ́lẹ̀ pé Láwàl ń ya fọ́tò, Láwàl sì búra fún un pé òun ti fọ́ kámẹ́rà òun mọ́ òkúta nítorí Ọlọ́run. “Ẹ wo ọmọ tó gbọ́ wàásí,” ni Alfa wí. Kò tíì dá wọn lóhùn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti dá wọn lóhùn.

Raliat pàdé Rájí lọ́jà Ìkàrẹ́, níwájú àwọn alárò, níbi tó ti wá ra aṣọ dúdú fún ìyá rẹ̀. Ó ti rù. Raliat kí i kú àfẹ́kù, lẹ́yìn náà kò mọ ohun tí yóò fi ọwọ́ ṣe.

“Wọ́n ní Láwàl gbé obì wá,” ni Rájí wí.

“Ó gbé e wá. Obì náà dára ju fọ́tò rẹ̀ lọ.”

“Ìwọ ńkọ́?”

“Kí ni tèmi? Ṣé èmi ni wọ́n gbé obì fún?”

“Raliat, mo fẹ́ wá bá bàbá rẹ.”

Ọkàn rẹ̀ fò sókè, ẹnu rẹ̀ sì sáré bò ó mọ́lẹ̀. “Pẹ̀lú ta? Bàbá mi kì í bá ọmọkùnrin tó dá wá sọ̀rọ̀ ìyàwó.”

“Ohun tó ká mi lọ́wọ́ kò nìyẹn. Ìyá mi ń ṣe opó. Wọn ò lè jáde nílé kí oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tó pé, ó sì tún ku oṣù méjì àti ààbọ̀. Kí ó tó pé, Láwàl á ti gbé ọ lọ. Mo ti bá Ìyá Ọ̀kà sọ̀rọ̀.”

Ìyá Ọ̀kà ni Àwẹ̀ró, àbúrò Alfa Badmus lóbìnrin, tó lọ́kọ sí Ìwárọ̀. Òun ló tọ́ Raliat nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ó ti gbà láti ṣe alárenà. Ìmọ̀ràn rẹ̀ ni pé kí ìyá Rájí fi gèlè rẹ̀ rán òun sí Alfa, kí Alfa lè mọ̀ pé ọmọ náà ní ìyá, ìyá rẹ̀ sì fọwọ́ sí i, ẹsẹ̀ ni kò jẹ́ kó wá.

“Ó dára bẹ́ẹ̀,” ni Raliat wí. Ó gbọ́ ara rẹ̀ bó ti ń sọ pé ó dára, ojú tì í, ó sì yára yí ọ̀rọ̀ padà. “Fọ́tò yín ńkọ́? Ẹ ti dáwọ́ dúró?”

“Ta ni mo fẹ́ yà? Gbogbo ẹni tí mo yà lo ní wọ́n di èémí mú.”

“Torí wọ́n ti múra dè yín ni. Wọ́n wẹ̀, wọ́n wọ aṣọ ọdún, wọ́n to ara wọn bí àwo. Ẹ ya ẹnìkan tí kò múra. Ẹ ya ẹni tí kò bìkítà pé ẹ̀ ń yà á.”

“Bí mo bá yà á, ṣé wàá sọ ohun tó dára níbẹ̀?”

“Ẹ yà á ná.”

Ó fẹ́ sọ nǹkan mìíràn. Ó fẹ́ sọ pé fọ́tò alágbẹ̀dẹ wà lábẹ́ ẹní òun. Ṣùgbọ́n alárò ń wò wọ́n, ó sì kọjá lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Àwẹ̀ró sọ̀ kalẹ̀ láti Ọ̀kà, ó wọ ilé Alfa pẹ̀lú gèlè ìyá Rájí tó ká dáadáa sínú igbá. Ó jókòó, ó kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ki ìdílé Rájí, ó ní ọmọ náà ń kírun, kò mutí, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́. Raliat gbé omi wá, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Suleiman wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Alfa kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò lé àbúrò rẹ̀.

“Ará Ọ̀kà,” ni ó wí. “Aránṣọ. Wọ́n ní ó máa ń ya àwòrán pẹ̀lú.”

“Ọmọdé ni, Ẹ̀gbọ́n. Ìyàwó á mú un fi í sílẹ̀. Gèlè ìyá rẹ̀ nìyí, ó ní kí n fi kí yín.”

Nǹkan kan wà tí Rájí sọ fún un nígbà tó ń kúrò l’Ọ̀kà: gèlè ni ti Alfa, ohun tó wà nínú gèlè ni ti Raliat, kó yọ ọ́ fún un kó tó wọlé. Aṣọ ló fi wé bébà náà kí ó má bàa ká. Àwẹ̀ró ti gbàgbé. Láti ọ̀nà ló ti ń to oríkì lẹ́nu, ibẹ̀ ni gbogbo ọkàn rẹ̀ wà. Alfa fa gèlè náà tú láti wo irú aṣọ tó jẹ́, bébà kan sì jábọ́ sórí ẹní, ojú sókè.

Obìnrin kan ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn. Aṣọ dúdú ló fi bo ara dé ọrùn. Kò wé nǹkan kan sórí, irun rẹ̀ sì ti di. Ó na ẹsẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, àtẹ́lẹwọ́ sókè, ó ń wo ẹni tó ń wò ó.

Àwẹ̀ró fi ọwọ́ bo ẹnu. “Ìyá Rájí nìyí. Mo gbé ọ̀fọ̀ wọlé ìyàwó,” ni ó wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun lọ. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí. Àmì burúkú ni.”

Alfa kò pariwo. Ẹ̀gàn ló fi sọ̀rọ̀, èyí sì burú ju ariwo lọ. “Ó ń tọrọ ìyàwó, opó ló fi kí mi. Ṣé ó ń fi ohun tí ọmọ mi yóò dà hàn án ni? Wọ́n ní ará orí àpáta kò mọ nǹkan, mo ní kí n má sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó lè bọ́ gèlè lórí ìyá rẹ̀ kó fi í ṣe ìran, kí ni yóò bọ́ lára ọmọ ọlọ́mọ? Láwàl, ó kéré tán, obì ló mọ̀ pé à ń gbé. Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni n ó so yìgì wọn. Suleiman, gbé bébà yìí sínú iná.”

Suleiman kò tíì mira tí Raliat fi kúnlẹ̀ láàárín òun àti fọ́tò náà.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ kó tó jóná.”

“Kí lo mọ̀ nípa rẹ̀?”

“Èmi ni mo ní kó yà á.”

Raliat mọ̀ pé bí òun bá dá ọ̀rọ̀ dúró níbẹ̀, wọ́n ṣì lè dárí ji òun. Ṣùgbọ́n yóò di aya Láwàl lọ́jọ́ Jímọ̀, yóò máa yin ẹṣin tí kò lẹ́sẹ̀ títí ayé. “Mo ní kó ya ẹni tí kò múra. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń wo fọ́tò wọn, tí mo ń sọ àbùkù rẹ̀ fún wọn.”

“Wọn? Àwọn ta?”

Raliat kò wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. “Rájí. Tíṣà. Láwàl pẹ̀lú.”

“Láwàl ti fọ́ kámẹ́rà rẹ̀ nítorí Ọlọ́run. Má fi orúkọ rẹ̀ kún un.”

“Kò fọ́ ọ, Bàbá,” ni Suleiman wí. Ó ti kúnlẹ̀ òun náà, àgbà ọkùnrin. “Abẹ́ ibùsùn mi ló wà. Tèmi náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.”

Alfa wo ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ó wo ọmọ rẹ̀ obìnrin, bí ẹni tó ra ẹ̀wà tó rí kòkòrò nínú rẹ̀ nígbà tó délé. “Nínú ilé mi,” ni ó wí. “Mo wà ní mọ́ṣáláṣí, mò ń wàásí fún ògiri.”

“Ẹ kò wàásí fún ògiri, Bàbá,” ni Raliat wí. “Mo gbọ́ ọ. Ẹ ní bébà lásán ni, kò lè ṣeni lóore, kò sì lè ṣeni níbi. Ẹ ní Ọlọ́run nìkan ló ni ire àti ibi. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, báwo ni bébà kan ṣe wá di àmì burúkú nínú ilé Alfa?”

Àwẹ̀ró dojú bolẹ̀. Ó ti tọ́ ọmọ yìí, ó sì mọ̀ pé ibi tó yẹ kó dákẹ́ ni ẹnu rẹ̀ máa ń mú jù. Iṣan kan ń fò lẹ́bàá ojú Alfa. Ṣùgbọ́n ọgbọ̀n ọdún ló fi ń kọ́ni pé ẹni tó gba àmì gbọ́ ti fi nǹkan kún Ọlọ́run. Kò lè sọ ọ́ lóde, kó wá sẹ́ ẹ nínú ilé.

“Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àmì nìkan,” ni ó wí níkẹyìn. “Obìnrin tó wà nínú opó, ọkùnrin mìíràn kò gbọ́dọ̀ rí orí rẹ̀. Òun fi í ránṣẹ́.”

“Òótọ́ lẹ sọ. Èmi ló fi í ránṣẹ́ sí, ojú ọ̀nà ló ti ṣìnà. Síbẹ̀ àbùkù ni, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ tèmi, torí èmi ni mo béèrè láìronú ẹni tí yóò fara gbá a. N ó sọ fún un.”

“Àbùkù ni gbogbo rẹ̀. Kí ló wà níbẹ̀ tó dára?”

Kò sí ìbéèrè tí Raliat tíì kọ̀ láti dáhùn tó èyí láyé rẹ̀. Rájí ti bi í tó ìgbà ogún, ó sì ti yẹ̀ ẹ́ ní ìgbà ogún. Ẹ̀gàn rọrùn. Ẹni tó bá gàn án, kò sẹ́ni tó lè gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ní “ó dára” ti na ọwọ́ jáde, wọ́n sì lè gé e. Ó gbé fọ́tò náà.

“Ẹ wo ọwọ́ wọn, Bàbá. Wọ́n ti fi ọwọ́ yẹn ṣiṣẹ́ fún ọkọ wọn láti ìgbà èwe, iṣẹ́ tán lójijì, wọn ò mọ ibi tí wọn yóò gbé e sí. Ẹ wo ojú wọn. Wọn ò bẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ sì wo ibi tí ẹni tó yà wọ́n wà. Ojú wọn àti ojú rẹ̀ dọ́gba. Kò dúró kó máa wo ìyá rẹ̀ láti òkè. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lòun náà jókòó sí nínú erùpẹ̀, ó sì ti pẹ́ níbẹ̀, torí kò sẹ́ni tó ń wo àlejò báyìí. Gbogbo fọ́tò tí wọ́n ti ń kó wá sílé yìí, irọ́ ni. Èyí nìkan ni kì í ṣe irọ́. Ó dára.” Ó na fọ́tò náà sí bàbá rẹ̀. “Ó dára, Bàbá. Ọkùnrin tó lè jókòó ti ìbànújẹ́ ìyá rẹ̀ báyìí, òun ni mo fẹ́. N kò fẹ́ ẹni tó ń fi Ọlọ́run búra lórí kámẹ́rà.”

Alfa na ọwọ́. Ó gba fọ́tò náà, ó sì ṣe ohun tí kò ṣe rí: ó wò ó. Ó wò ó títí Àwẹ̀ró fi gbé orí sókè láti wò bóyá ó ti sùn. Lẹ́yìn náà ó fi gèlè wé e, ó sì so ó.

“Kó obì Láwàl padà fún un,” ni ó wí fún Suleiman. “Kó fi ra fíìmù. Àwẹ̀ró, sọ fún ará Ọ̀kà yẹn pé èmi kì í bá bébà sọ̀rọ̀ ìyàwó. Bí ìyá rẹ̀ bá jáde opó, kí wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn wá gba aṣọ wọn lọ́wọ́ mi. Bí wọn ò bá wá, ọ̀rọ̀ tán. Ìwọ Raliat, dìde, o ti sọ̀rọ̀ tó ti ọdún mẹ́ta.”

Oṣù méjì tó tẹ̀ lé e gùn ju ọdún lọ. Fọ́tò kankan kò sọ̀ kalẹ̀ láti Ọ̀kà. Ẹgbẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ti fọ́ká, Zacchaeus ní Ìkàrẹ́ kò mọ rírì iṣẹ́ ọwọ́. Raliat ń bó ẹ̀gúsí, ó ń ro ó pé obìnrin wo ni yóò sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè wá wo ọmọ tó ní kí wọ́n ya òun nínú ọ̀fọ̀? Ó ro èébú tó tọ́ sí òun, ó rí i pé ó pọ̀.

Wọ́n dé ní Ọjọ́rú kan, nígbà tí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́: Rájí, àbúrò bàbá rẹ̀, àti ìyá rẹ̀, Memunat. Kò ga, ó sì rìn bí ẹni tí ilẹ̀ jẹ́ tirẹ̀. Ó wọ àrán pupa. Ó kí Alfa, Alfa kí i, àwọn ọkùnrin sọ tẹnu wọn, Raliat kúnlẹ̀ kò gbé orí. Níkẹyìn Alfa dìde, ó wọ yàrá, ó gbé gèlè náà jáde bó ti so ó, ó gbé e síwájú onígèlè.

Memunat tú u. Ó gbé fọ́tò náà sókè. Ó mọ̀ pé ọmọ òun yà á, ṣùgbọ́n kò tíì rí i rí. Ó wò ó pẹ́.

“Báyìí ni mo rí?” ni ó béèrè.

Rájí sorí kọ́. Àbúrò ọkọ rẹ̀ wúkọ́, ó fẹ́ sọ pé rárá o, oòrùn ni, ẹ̀rọ ni. Raliat mọ̀ pé irọ́ kékeré kan yóò mú kí gbogbo ilé mí. Ó gbé ojú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́.

“Bẹ́ẹ̀ lẹ rí, ìyá.”

Memunat wò ó látòkè délẹ̀, bí ẹni tó ń yẹ aṣọ wò lọ́jà. “Ìwọ ni.”

“Èmi ni, ìyá.”

“Ó dára kí ènìyàn mọ̀. Ọkùnrin tí mo sọkún rẹ̀ tó báyìí, kò kú lásán.” Ó dá fọ́tò náà padà sínú gèlè, ó sì gbé e lé itan. “Ṣùgbọ́n àrán méjì wà nínú àpótí mi lọ́jọ́ tí ọmọ mi ń yà mí nínú erùpẹ̀, ìwọ sì ni kò jẹ́ kí n wọ ọ̀kan. Alfa, ẹ bá wa dá ọjọ́ yìgì kó tètè yá. Ẹ̀ẹ̀rùn ò ní í pẹ́ tán, mo sì ti rí ẹni tí yóò máa bá mi sá àwọn àrán náà sóòrùn.”